Ìtọ̀ Ológbò Lórí Pákó Ìrókò

Ìwó ni wọ́n bí mi sí, nínú ilé tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ǹtì. Bí ewúrẹ́ bá tọ̀ sínú pálọ̀, a ó da omi sí i, a ó fi ìgbálẹ̀ ti omi náà síta, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn tún wà. Ìgbà tí mo dé Douala ní Kamẹrúùnù ni mo rí i pé èèyàn lè máa gbé lórí pákó, kí ẹlòmíì máa gbé lábẹ́ pákó yẹn kan náà, kí gbogbo ohun tí ẹni òkè bá dà sílẹ̀ sì di ti ẹni ìsàlẹ̀.

Mo ti pẹ́ níbí. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ wá, èmi tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Mi ò ní í sọ ti ìrìn àjò. Ọ̀nà jìn, a dé. Àwọn èèyàn máa ń rò pé èdè Faransé ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Rárá o. Ẹ̀wà ni. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, ọkọ mi ra pọ́fùpọ́fù, wọ́n bu ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń fi pọ́fùpọ́fù jẹ ẹ̀wà. Mo ní, "Àbí ara yín ò yá ni?" Wọ́n ní kí n tọ́ ọ wò. Mo tọ́ ọ wò, ó dùn. Inú bí mi pé ó dùn.

Òjò ló tẹ̀lé e. Ní Ìwó, òjò á rọ̀, á dá. Ti Douala dà bí àlejò tó gbé àpò ẹrù rẹ̀ dání wá. Aṣọ kì í gbẹ. Bàtà tí èèyàn kó pamọ́ á bu bíi búrẹ́dì.

Ọjà Nkololoun ni mo ti ń tajà: ọṣẹ dúdú, kànìnkànìn, àti òrí. Ìwé tí mo kà kò ju ti ilé kéú lọ, nítorí náà ẹnu oníbàárà ni mo ti kọ́ Faransé. Fún ìgbà pípẹ́ mo lè ná ọjà, mo lè kí èèyàn, ṣùgbọ́n bí orí bá ń fọ́ mi, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Mo máa ń dákẹ́ títí á fi lọ. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan gbé ọṣẹ mi lọ́wọ́, ó ní ó ti dúdú jù. Mo fi Faransé sọ fún un pé ìwọ náà dúdú, ṣùgbọ́n mo ṣì ń kí ẹ. Gbogbo ìlà wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó ra ọṣẹ. Mo rin ìrìn ọba délé lọ́jọ́ yẹn.

Ọkọ mi kú síbí, a sì sin wọ́n síbí lọ́jọ́ náà gan-an, bí a ṣe máa ń ṣe. Láti ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Ìwó ti ń pè mí lórí fóònù pé kí n máa bọ̀ nílé. Ọmọ mi obìnrin náà ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Japoma. Ilé rẹ̀ dára, ọkọ rẹ̀ kò ní wàhálà. Àwọn ọmọ wọn fẹ́ràn mi, Faransé ni wọ́n fi fẹ́ràn mi. Bí mo bá ní "ẹ wá jẹun," wọ́n á sáré wá. Bí mo bá ní "ẹ jókòó kí n sọ ohun kan fún yín," wọ́n á wo ojú ìyá wọn kó túmọ̀ rẹ̀. Mo ti gbé ibẹ̀ díẹ̀ rí nígbà tí ara mi ò yá. Wọ́n tọ́jú mi. Àlejò ni mo jẹ́ níbẹ̀, àlejò tí wọ́n fún ní àga tó dára jù. Ilé tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò tèmi ni mo fẹ́.

Ilé yẹn wà ní Bonabéri, ní òdìkejì afárá. Ìyá onílé mi, Màmá Rebéka, ló ń gbé ìsàlẹ̀, èmi ń gbé òkè. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú ṣiṣẹ́ ní sọ́míìlì, òun ló fi pákó ìrókò tẹ́ gbogbo òkè ilé náà, tó fá a, tó dán an títí èèyàn fi ń rí ojú ara rẹ̀ níbẹ̀. Píjìn àti Faransé díẹ̀ ni a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Ó jù mí lọ, ṣùgbọ́n kò sí "ẹ" nínú píjìn, nítorí náà a ń sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́. Ó kọ́kọ́ nira fún mi. Nígbà tó yá, mo rí i pé ó rọ̀ mí lọ́rùn. Ní gbogbo ayé mi, mi ò tíì ní àgbàlagbà kan tí mo lè sọ fún pé "irọ́ lò ń pa" láìkúnlẹ̀. Àsó ló ń pè mí, bí ọlọ́jà àti oníbàárà ṣe máa ń pe ara wọn níbí, nítorí ọṣẹ ló kọ́kọ́ rà lọ́wọ́ mi kí n tó yálé lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èkúté ló bí ọ̀rọ̀ ológbò. Òrí tí mò ń tà, ilé ni mò ń kó o sí, èkúté Bonabéri sì fẹ́ràn òrí ju àwọn oníbàárà mi lọ. Mo gba ológbò kan lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta ẹja. Akọ ni, orí rẹ̀ tóbi, kì í ta pútú bí mo bá ń sọ̀rọ̀. Mo sọ ọ́ ní Ògbẹ́ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, èkúté kó lọ. Mo rò pé mo ti gbọ́n.

Ìgbà tí Ògbẹ́ni dàgbà tán ló bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sí igun kan. Nínú gbogbo igun tó wà nínú yàrá yẹn, ibi tí mò ń tẹ́ ẹní ìrun mi sí ló yàn. Mo gbé búútà àlùwàlá mi, mo da omi sí i. Omi la fi ń wẹ ẹ̀gbin, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa ní ilé kéú. Ó tún tọ̀, mo tún dà. Ọjọ́ tí àwọn obìnrin àsáláátù pàdé lọ́dọ̀ mi, Ìyá Kúbúrà fa imú sókè, ó ní, "Ṣé ẹ da omi sí i dáadáa?" Mo ní mo dà á. Kò gbà, ó da tirẹ̀. Ẹlòmíì dà kún un kó má bàa dà bíi pé òun ò bìkítà. Pákó mu gbogbo rẹ̀. A kírun, a ṣe àmín, wọ́n lọ sílé.

Màmá Rebéka kan ilẹ̀kùn.

"Àsó, òjò ń rọ̀ nínú yàrá mi."

Mo ní, "Ó lè jẹ́ òrùlé."

"Ìwọ lo wà lábẹ́ òrùlé. Ìwọ lo wà lórí tèmi. Òjò wo ló ń rùn báyìí? Orí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn mi ló ń kán sí."

Ó wọlé, ó gbé ẹní ìrun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Pákó tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti wú sókè létí, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Kò pariwo. Ǹ bá fẹ́ kó pariwo. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa pákó náà bí ẹni ń wò ó bóyá ibà ń ṣe é.

"Ọmọ mi fẹ́ yọ gbogbo pákó yìí kó fi táìlì sí i," ó ní. "Ọdọọdún ni mò ń bá a jà lórí ẹ̀. Ó ń bọ̀ ní Kérésìmesì. Tó bá gbóòórùn yìí, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bá a jà?"

"Má bínú."

"Mi ò bínú. Bí òórùn yìí bá ṣì wà kó tó dé, àsó, kó ẹrù rẹ kó o máa lọ sí Japoma."

Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ pé iyọ̀ ti tán. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ó mọ ohun tó ń sọ.

Mo dojú ìjà kọ òórùn náà. Mo lo omi jafẹ́lì tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun. Ògbẹ́ni gbóòórùn rẹ̀, ó wá tọ̀ lé e lórí kíákíá bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè. Mo lo káfùrá. Mo jó tùràrí. Yàrá náà wá ń rùn bí ẹni pé ológbò tọ̀ sára ìyàwó tuntun. Ní ọjà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn aṣọ ara mi kí n tó jókòó. Èmi tí mò ń ta ọṣẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi pè. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn.

"Lé ológbò dànù," wọ́n ní.

"Èkúté á jẹ òrí mi tán, ẹ̀gbọ́n mi."

"Máa bọ̀ nílé nígbà náà."

"Ṣé kò sí ológbò ní Ìwó ni?"

"Ó wà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tiwa kì í mu ìtọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, àwọn náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà a dákẹ́ díẹ̀. Bí a bá ti dákẹ́ báyẹn lórí fóònù, mo máa ń gbọ́ ìró ilé wa lẹ́yìn wọn: ẹnì kan ń gún nǹkan, ẹnì kan ń pe ọmọ. Mi ò mọ ẹni tó ń gúnyán mọ́. Mi ò mọ ọmọ tí wọ́n ń pè. Bí mo bá padà lọ, èmi ni wọ́n á máa júwe fún àwọn ọmọ yẹn: ìyẹn ni ìyá tó wà ní Kamẹrúùnù. Níbí, wọ́n ń pè mí ní ìyá Nàìjíríà. Ibi méjèèjì ni wọ́n ti ń fi ibòmíì pè mí. Kò sí èyí tó dùn mí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ máa ronú rẹ̀ nínú ilé ara mi.

Mo pe káfíńtà àdúgbò wa. Ọkùnrin tó ti ń hewú ni, ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ẹ̀yìn ń ro. Ó dojú bolẹ̀, ó ti imú bọ àárín pákó.

"Madame, ta ló ń da omi síbí?"

"Èmi ni."

"Kí ló dé?"

"Kó lè mọ́."

Ó dìde jókòó. "Pákó kì í ṣe abọ́. Gbogbo omi tí o dà ló ń ti ìtọ̀ náà wọ inú lọ. Ìwọ lo ń gbìn ín."

Ó ní bí ológbò bá tọ̀, aṣọ gbígbẹ ni kí n fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kíákíá, kí aṣọ náà mu ún. Lẹ́yìn náà, kí n fi omi díẹ̀ la fínígà, kí n rẹ aṣọ sínú rẹ̀, kí n fún un dáadáa, kí n fi nu ibẹ̀, kí n tún fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Kí n má dán jafẹ́lì wò mọ́, nítorí lójú ológbò, ìtọ̀ ológbò mìíràn ni. Kí n wá àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan, kí n kó yanrìn sí i, kí n máa kó èyí tó bàjẹ́ dànù lójoojúmọ́. Ó wá wo Ògbẹ́ni tó jókòó lójú fèrèsé.

"Eléyìí, wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Akọ tí wọn ò bá tẹ̀ lọ́dàá, ó ń fi ìtọ̀ pààlà ilẹ̀ rẹ̀ ni. Lójú tiẹ̀, òun ló ni ilé yìí."

Mo ní, "Màmá Rebéka ló ni ín."

"Sọ fún un nígbà náà."

Ohun kan ló kù tó ń yọ mí lẹ́nu. Mo lọ bá Alfa wa, mo bi wọ́n léèrè bóyá aṣọ tútù lè mú ibi ìrun mọ́ láìda omi sílẹ̀.

"Màmá, omi kọ́ ló wà nínú aṣọ ọ̀hún ni? Ẹ nù ún, ẹ fọ aṣọ náà, ẹ tún fi omi tó mọ́ nù ún títí àwọ̀ àti òórùn á fi lọ. Ó ti mọ́ nìyẹn."

"Alfa, àti ìgbà tí mo ti ń da omi yìí, ẹ ò sọ ọ́."

"Ẹ ò bi mí."

Òótọ́ ni, mi ò bi wọ́n. Mo sọ fún Ìyá Kúbúrà. Ó ní òun ti ń rò ó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

A mú Ògbẹ́ni lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Nígbà tó padà dé, kò bá mi sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo fún un ní orí ẹja, ó jẹ orí ẹja, kò wò mí. Ṣùgbọ́n ó ń tọ̀ sínú yanrìn.

Káfíńtà padà wá nígbà tí pákó ti gbẹ, ìyẹn sì pẹ́, nítorí òjò. Ó fi sáńpépà ha ojú rẹ̀, ó ra omi inú ìgò tí wọ́n ń tà nílé oògùn fún ọgbẹ́, ó fi ṣe àwọn ibi tó dúdú. Ó ń hó wúyẹ́wúyẹ́. Dúdú náà ń ṣí lọ díẹ̀díẹ̀, àwọ̀ ìrókò ń yọ jáde. Inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Ó tún dojú bolẹ̀, ó fa imú, ó mi orí.

"Àwọn yòókù ti bọ́. Eléyìí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ti wọ inú egungun rẹ̀. Bí mo bá fi fáníìṣì bò ó, bí oòrùn bá mú, á tún jáde. Yíyọ ni."

"Yọ ọ́, fi òmíràn sí i."

"Òmíràn wo? Ìrókò tí wọ́n ń tà nísinsìnyí ṣì tutù. Bí mo bá tẹ́ ẹ, á sún kì, àlàfo á wà níbẹ̀. Ìrókò tó ti pẹ́ tó eléyìí, tó nípọn tó o, mi ò mọ ibi tí màá ti rí i kó tó di Kérésìmesì."

Mo jókòó sórí àpò òrí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn ẹrù inú yàrá náà, èyí tó máa wọ táksì àti èyí tí kò ní wọ̀ ọ́.

Ilé onípákó kò ní àṣírí. A gbọ́ tí Màmá Rebéka ń gun àkàsọ̀ bọ̀, ó ń simi ní gbogbo ìṣísẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo ní pákó," ó ní.

A tẹ̀lé e sọ̀kalẹ̀. Ó ní kí káfíńtà wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun. Pákó wà níbẹ̀ lóòótọ́, aṣọ ni wọ́n fi wé e, ó gùn, ó dán, ó gbẹ kanrin. Káfíńtà fi ìka kàn án, ó rín ẹ̀rín músẹ́. Lẹ́yìn náà ó wo bí wọ́n ṣe gé wọn, àwọn gígùn àti àwọn kúkúrú, ẹ̀rín náà sì lọ.

"Màmá, pákó kí ni èyí?"

"Pákó àpótí tí wọ́n máa fi sin mí ni. Ọkọ mi la igi kan náà fún àwa méjèèjì. Ó ti gbé tirẹ̀ lọ. Tèmi nìyí."

Mo ní, "Rárá. Màá kó lọ sí Japoma."

"Ta ló bá ẹ sọ̀rọ̀?" Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. "Àsó, ẹ̀yin Mùsùlùmí, irú igi wo ni ẹ fi ń ṣe àpótí tiyín?"

"A kì í lo àpótí. Aṣọ funfun ni. Wọ́n á fi pákó díẹ̀ bo òkè kí iyẹ̀pẹ̀ má bàa wó lù wá."

"Wéè! Pákó wo?"

"Pákó èyíkéyìí."

"Ṣé kì í tutù?"

"Kò tíì sí ẹni tó padà wá sọ."

Ó ronú. "Ìyẹn ni pé ẹ̀yin ní ìdérí, ẹ ò ní àpótí."

"Ó jọ bẹ́ẹ̀."

"Èmi á ní àpótí, mi ò ní ní ìdérí. Kí wọ́n fi igi èyíkéyìí ṣe ìdérí fún mi. Èmi kọ́ ni màá máa wò ó."

Káfíńtà ní òun kì í gé pákó òkú.

"Mi ò tíì kú," Màmá Rebéka ní. "Gé e."

Ó gé e. Ó yọ pákó tó bàjẹ́, ó gbé e jáde sí ìta, kódà níta gan-an àwọn tó ń kọjá ń wò yíká. Ó kan èyí tuntun mọ́ ibẹ̀, ó ha á, ó kun fáníìṣì lé gbogbo igun náà, ó tún kùn ún, ó ní kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi gbẹ. Mo ń kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáná. Ògbẹ́ni jókòó lẹ́yìn mi, ó ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa yọrí.

Lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú Kérésìmesì, Màmá Rebéka ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, ó gòkè wá tòun ti fìlà rẹ̀. Ó ní kí n di òun mú. Mo dì í mú, ó kúnlẹ̀, ó fi imú kan pákó ẹ̀gbẹ́ ògiri náà. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Mo ti mọ ẹrù tí màá kọ́kọ́ dì.

"Fáníìṣì," ó ní. Ó sún síwájú díẹ̀. "Fáníìṣì." Ó yí padà, ó jókòó sórí pákó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, kò sì sọ nǹkan kan nípa ẹrù mi. Ó bọ́ fìlà rẹ̀.

"Àsó, àwọn ọmọ mi mọ̀ pé pákó àpótí mi pé. Bí wọ́n bá rí ìdérí tó yàtọ̀, wọ́n á ní káfíńtà ló jí i. Wọ́n á lù ú níbi ìsìnkú mi."

"Wọ́n lè lù ú."

"Ta ló máa sọ bó ṣe jẹ́ fún wọn?"

"Ìwọ sọ fún wọn. Ọmọ rẹ ń bọ̀."

"Kó lè gbọ́ nípa ológbò? Á ra táìlì kí ilẹ̀ tó ṣú." Ó ń fi ọwọ́ pa pákó náà. "Ó di ìgbà tí mo bá kú. Ẹni tó bá wà nínú ilé yìí lọ́jọ́ yẹn ló máa sọ ọ́. Ẹni tó bá wà ní Japoma, ta ló máa ránṣẹ́ pè é?"

Mo ní, "Màá sọ ọ́."

"Kó o dúró síwájú àpótí kó o sọ ọ́, kí gbogbo wọn gbọ́."

"Mo ti gbọ́."

"Ní Faransé."

"Màá gbìyànjú."

Ó ní kí n gbé òun dìde. Ó gba àkókò díẹ̀, nítorí èmi náà kò ní eékún mọ́. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀ tán, mo tẹ́ ẹní mi, mo kírun ọ̀sán lórí pákó àpótí rẹ̀. Ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ibi tó jókòó sí.

Ẹ̀gbọ́n mi pè ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n bi mí pé ìgbà wo gan-an ni mò ń bọ̀ nílé.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí Màmá Rebéka kú ná.

"Yéè! Kí ló ń ṣe é?"

Mo ní kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é.